Má Wo Bọ́ọ̀lù

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ẹ wọlé dáadáa. Ẹ yí fóònù yẹn dojú dé, ẹni tó ń pè yín á tún pè. Bàbá tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, ẹ bá mi rọra fọwọ́ tọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìbínú jí. Ìtàn tí mo gbé dání yìí, ojú ló ń fẹ́. Ẹni tó bá mójú kúrò lára ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ibi tó ṣe kókó jù ló máa kọjá lára ẹ̀, mi ò sì ní padà sẹ́yìn tìtorí ẹnì kankan.

Láníyì lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Mọ̀pà ni, nílẹ̀ Yàgbà, àmọ́ Abùjá ló ti di géńdé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe ga tó. Ẹ ṣáà wo òpó iná tó wà níwájú ilé yín, kẹ́ ẹ wọ bàtà fún un. Tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Napep ní Utako, orúnkún ẹ̀ á dé etí ẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa tàkúrọ̀sọ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn Háúsá tó ń ta ọsàn ní gáréèjì ò mọ orúkọ ẹ̀, Dogo ni wọ́n ń pè é, ọ̀gbẹ́ni gíga. Kúnbi ìyàwó ẹ̀, tí orí ẹ̀ ò kọjá àyà ọkọ, máa ń ní òun ò mọ ojú ọkọ òun dunjú, pé ìgbà tó bá jókòó nìkan làwọn ń ríra.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni Láníyì ń gbá, òun ló sì fi ń jẹun. Ẹgbẹ́ Àṣá Garki ló gbà á. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù kì í ṣe ká ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí ò wọlé, tó kọlu irin apẹ̀rẹ̀ tó ta padà, tiẹ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù á máa fò tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù; Láníyì á ti wà lókè, á ti tẹ́wọ́, bí ẹni tó bá bọ́ọ̀lù ṣàdéhùn tó sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn ìyá tí ò mọ òfin eré náà rárá máa ń wá wò ó, kí wọ́n ṣáà lè rí bó ṣe ń lọ sókè.

Lọ́dún 2011, àwọn ọkùnrin méjì gúnlẹ̀ láti Tùnísíà. Wọ́n fẹ́ wò ó nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á mú un lọ. Bùsàrí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ti ń kọ́ ọ ní Faransé, èdè tí Bùsàrí fúnra ẹ̀ ò gbọ́. Kúnbi ti ra àpótí tuntun.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí. Bọ́ọ̀lù kọlu irin, Láníyì fò. Ó dé òkè, ó tẹ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ ba bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn ará Kàdúná tí wọ́n jọ ń gbá a ti yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà rí, tó gbé ẹsẹ̀ síbi tó rò pé ilẹ̀ wà, tí ilẹ̀ ò sí níbẹ̀, á mọ ohun tí mò ń wí. Orúnkún ẹ̀ yí síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó gbọ́ tí àwọn ará Kàdúná gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ, ó gbọ́ tí wọ́n jù ú wọlé. Ohun kan tó ń retí kó gbọ́, kò gbọ́ ọ. Fèrè ò dún.

Rẹfirí tó yẹ kó fọn ún ò sì jìnnà. Jàbárù ni, àgbà rẹfirí, ọmọ Kàbbà, ọkùnrin kúkúrú tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun. Abẹ́ irin ló dúró sí, fèrè wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ọ̀rọ̀.

Àwọn ará Tùnísíà bá tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ n má fa ọ̀rọ̀ orúnkún gùn. Wọ́n là á, wọ́n rán an; ó wú, wọ́n tún un là. Àṣá Garki kí i pé ó ṣeun, ẹ̀yin náà mọ irú ìkíni yẹn. Ó lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan, ó ń tiro gbá a. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wọn pàápàá rọra sọ fún un pé kó fàyè sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Báǹkì kan ní kó wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí gíga ẹ̀. Olè kankan ò wá. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ló ń wá, wọ́n ní kó bá àwọn yọ gílóòbù tó ti jó. Ọjọ́ tí ọ̀gá wọn ní kó wá nu fáànù, torí pé òun ò ní nílò àkàbà, ló bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó gbalé lọ.

Wúsé ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Kabusa. Iṣẹ́ tí Kúnbi ń ṣe lọ́fíìsì àwọn aláàánú kan ní Utako ló ń bọ́ wọn, àwọn méjèèjì àti Ọmọ́níkẹ́ ọmọ wọn. Láníyì á jókòó sábẹ́ igi mángòrò iwájú ilé. Tí mángòrò bá já, ọwọ́ ẹ̀ á ti gbọ̀nà òkè kóun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Á mú un, á wò ó, á gbé e sílẹ̀. Kì í jẹ ẹ́.

Orin kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹ̀, pé Jàbárù rí i, ó rí i, ó sì dákẹ́. Ó ní òun ò bèèrè orúnkún òun padà, òun ò bèèrè Tùnísíà. Kí ọkùnrin yẹn ṣáà wo ojú òun lọ́jọ́ kan, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Ohun tó ń wá láyé ò jùyẹn lọ. Kúnbi máa ń ní ilé àwọn ò ní yàrá àlejò, àmọ́ Jàbárù ń gbé ibẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù lálejò.

Lọ́dún 2014, Bùsàrí wá kí wọn. Bùsàrí ti di kóòṣì nígbà náà, ikùn ti yọ sí i, fèrè kóòṣì ń jó lórí ẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn rẹfirí tuntun níṣẹ́, pé kí Láníyì lọ. Láníyì ní ẹran kì í bá alápatà pọ́n ọ̀bẹ.

Kúnbi ń gbọ́ láti ìdí ààrò. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́níkẹ́, ẹ lọ. Mángòrò yẹn ò ní sá."

Ó lọ. Ó dé ọ̀hún, ta ló dúró níwájú? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Jàbárù ni, irùngbọ̀n ti funfun tán bí òwú. Láníyì yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe pé orúnkún ẹ̀ ò jẹ́ kó lè yí padà kíákíá, ìtàn wa ì bá parí síbẹ̀. Jàbárù ti nàka sí i, ó ní kí ọ̀gbẹ́ni gíga yẹn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lè ríran. Ojú ẹ̀ ò fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n rí. Láníyì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó. Ó pinnu nínú ara ẹ̀ pé òun á kọ́ iṣẹ́ náà dójú ẹ̀, òun á gba báàjì, ọjọ́ tí Jàbárù bá sì so báàjì mọ́ òun láyà, ọjọ́ náà lòun máa bi í.

Ohun méjì ni Jàbárù fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Èèyàn ló ń ṣẹ èèyàn, ara èèyàn ni kẹ́ ẹ wò." Ó nu ojú ẹ̀, ó ní, "Èkejì, ohun tẹ́ ò bá fojú ara yín rí, ẹ ò gbọdọ̀ fọn fèrè sí i. Ì báà jẹ́ òkú ló sùn sílẹ̀."

Àṣà àtijọ́ kan tún wà tí Jàbárù ò jẹ́ kó kú. Ẹni tí wọ́n bá fọn fèrè sí gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ara ẹ̀ sókè, kí gbogbo gbọ̀ngàn rí i pé ó gbà pé òun ṣẹ̀. Ìwé òfin ti yọ ọ́ kúrò tipẹ́, Jàbárù ní òun ò bá ìwé òfin mulẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbi tí Jàbárù wà, ó yáa mọ ọwọ́ ọ́n nà.

Ẹ ò rí nǹkan, "má wo bọ́ọ̀lù" tó rọrùn lẹ́nu yẹn ló fẹ́ pa Láníyì. Ẹni tó jẹ́ pé láti kékeré, bọ́ọ̀lù ló ń fojú wá, tó jẹ́ pé kí bọ́ọ̀lù tó mọ ibi tó ń lọ lojú ẹ̀ ti dé ibẹ̀, ẹ ní kó mójú kúrò. Ó dà bí ìgbà téèyàn ní kí ìyá má wo ọmọ ẹ̀ lọ́jà. Ó máa pinnu, á gbójú sísàlẹ̀, á wo ẹsẹ̀, á wo ìdí. Bọ́ọ̀lù á fò lókè, ojú ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Tí eré bá parí, Jàbárù á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní nígbà tí bọ́ọ̀lù ń wọlé yẹn, kí ni nọ́mbà mẹ́jọ ń fi ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ṣe? Láníyì ò ní mọ̀.

"Ṣó o sanwó ìwọlé ni?" Jàbárù á bi í. "Àwọn tó sanwó ìwọlé ló ń wo bọ́ọ̀lù. Ìwọ, iṣẹ́ lo wá ṣe."

Gbogbo àwọn rẹfirí tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń gba ìdíje gidi. Láníyì ṣì ń ṣe ti àwọn ọmọ iléèwé ní Abaji, níbi tí ewúrẹ́ ti ń gba àárín pápá kọjá láìtọrọ àyè. Ibẹ̀ ni Jàbárù bá a lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ó gbé e sílẹ̀ létí pápá, ó jókòó lé e. Ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ.

Wọ́n ní, "Bàbá, kí la máa gbá?"

Ó ní kí wọ́n gbá ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń fọwọ́ òfìfo lu ilẹ̀, òmíràn ń gba òfìfo lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń du òfìfo bí ẹni tó ń du ogún bàbá. Ibẹ̀ ni Láníyì ti kọ́kọ́ rí eré tó ti ń gbá látìgbà ọmọdé. Ó rí ìgbọ̀nwọ́. Ó rí ẹsẹ̀ tó rọra ń tẹ ẹsẹ̀, ọwọ́ tó di jẹsí mú lẹ́yìn níbi tí èrò ìwòran ò lè rí i. Ó rí ọmọ kan tó fò sókè kó lè mú òfìfo, àti èkejì tó yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀. Ó fọn fèrè débi pé àwọn ewúrẹ́ sá.

Láti orí bọ́ọ̀lù, Jàbárù fi Háúsá yìn ín, ó ní, "Yauwa." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè tán.

Láti ọjọ́ náà ni Láníyì ti mọ iṣẹ́. Wọ́n ń pè é sí ìdíje, àwọn kóòṣì ń bẹ̀rù ẹ̀. Wọ́n ní ojú Dogo, ìgbọ̀nwọ́ ò lè sá fún un. Àmọ́ kò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Kúnbi mú Ọmọ́níkẹ́ wá wò ó níjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan dúró ní ìdajì pápá, ó ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù gba òkè lọ, ó gba òkè bọ̀, ó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láìfara kan irin. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ọmọ́níkẹ́ ò yéé sọ ọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ rí i?"

Láníyì ní, "Mo gbọ́ ọ."

Kúnbi fa ọwọ́ ọkọ ẹ̀, ó dì í mú títí wọ́n fi dé Kabusa. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn fẹ́ sọ sírú ẹ̀?

Ó di ọdún 2018. Wọ́n fi orúkọ Láníyì sílẹ̀ fún báàjì àgbà rẹfirí. Ìdíje kan ni wọ́n máa fi dán an wò, inú gbọ̀ngàn ńlá náà gan-an, níbi tí orúnkún ẹ̀ ti yí. Jàbárù ló máa jókòó létí pápá láti wò ó. Ẹgbẹ́ Bùsàrí wà nínú àwọn tó máa gbá a. Bùsàrí ní ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Adékúnlé, ọmọ tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀ láti Abaji wá sí ìgbáradì, tí kì í sì í pẹ́ dé. Àwọn kan ti wá láti Sẹ̀nẹ̀gà láti wò ó. Bùsàrí ti tún ń kọ́ ọ ní Faransé.

Nínú ẹgbẹ́ kejì, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Tóbilọ́ba. Gíga ni, tín-ín-rín ni, bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin, tiẹ̀ ni. Nígbà tí Láníyì kọ́kọ́ rí bó ṣe ń fò, ó ní láti gbójú sílẹ̀ kó wo bàtà ara ẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ fetí sí mi báyìí. Eré ń lọ sópin, òmì ni. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó kọlu irin, ó ta sókè. Láníyì wà lábẹ́ irin gan-an. Tóbilọ́ba fò. Àwọn yòókù ṣì ń tẹ orúnkún wọn kí wọ́n tó fò, ọmọ yẹn ti wà lókè, ó ti tẹ́wọ́, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Gbì. Ó ti wà nílẹ̀, ó di orúnkún ẹ̀ mú, Adékúnlé sì dúró lórí ẹ̀.

Fèrè Láníyì dún.

Ó nàka sí Adékúnlé. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì fáòlù tó burú jù, èyí tó ń lé èèyàn jáde lórí pápá. Adékúnlé wá bá a, ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló gbé gbòdì."

Bùsàrí ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó rìn wá sétí ilà. Kò pariwo, èyí tó ya gbogbo ẹni tó mọ Bùsàrí lẹ́nu.

"Láníyì," ó ní. "Ṣó o rí i?"

"Mo rí i."

Bùsàrí ní, "Tó o bá rí i, ó tán." Ó yíjú sí ọmọ náà, ó ní kó dìde, kó na ọwọ́ ẹ̀. Adékúnlé dìde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, omi ń dà lójú ẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kejì nù ún. Ọwọ́ náà wà lókè títí tó fi wọ yàrá ìmúra. Tóbilọ́ba ti ń tiro dìde; àwọn tó dì í mú ní orúnkún ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹgbẹ́ Bùsàrí pàdánù. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà bọ Bùsàrí lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ tó ń ṣe èèyàn léṣe, àwọn ò lè mú un.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, nítòsí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ni Jàbárù ti so báàjì mọ́ Láníyì láyà. Ó ní láti na ọwọ́ gan-an kó tó dé ibẹ̀. Láníyì dì í lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ mí?"

"Ọjọ́ tó o wọlé ni mo ti mọ̀ ọ́," Jàbárù ní. "Ta ní í gbàgbé òpó iná?"

"Lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ rí i?"

Jàbárù wá ibì kan, ó jókòó lórí gẹdú tó wà létí ọgbà.

"Mi ò rí i," ó ní. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò rí i. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé má wo bọ́ọ̀lù. O fò lọ́jọ́ náà, ó wù mí. Mo ní kí n kàn wo bó o ṣe máa mú un. Ìgbà tí mo máa bojú wolẹ̀, o ti wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣe ọ́. Àmọ́ mi ò rí i, mi ò sì lè fọn ohun tí mi ò rí, kí n má báa fi tìẹ ba ti ọmọ ẹlòmíràn jẹ́."

Láníyì dúró síbẹ̀. Ohun tó ti gbé kiri láti ọdún yìí wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì rí ibi tó bọ́ sí.

Jàbárù gbá a lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́, ibi orúnkún tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ kún fún omi. Ó ní òun lè sinmi báyìí. Ó ní ìwọ lónìí, ojú rẹ wà nílẹ̀, o rí tìẹ, o ti bá mi san án.

Láníyì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì yíjú, torí kò rí ẹsẹ̀ Adékúnlé; bọ́ọ̀lù lòun náà ń wò nígbà tí Tóbilọ́ba fò.